Gbó

A máa ń wúre fún ọmọ pé kó gbó, kó tọ́. Aṣọ tó bá gbó, a fi ń nulẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Àwọn tó ń fi ike to àwòkọ táǹkì ogun ló jẹ́ kí n tún un rò. Sherman tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ja Ogun Àgbáyé Kejì gùn tó bíi mítà 6. Ní ìwọ̀n 1/35, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17 lọ. Tí wọ́n bá kùn ún tán, ó ń dán bí ohun ìṣeré ọmọdé. Wọ́n gbọ́dọ̀ mú un gbó.

Ọgbọ́n kan wà tó wù mí. Wọ́n á kọ́kọ́ fi àwọ̀ irin tó dógùn-ún kùn ún, wọ́n á fín oje tó ń mú irun le sí i, lẹ́yìn náà ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi omi pò. Bó bá gbẹ, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì olómi ha etí ilẹ̀kùn òkè, níbi tí bàtà sójà ń gbà. Oje á yọ́, ọ̀dà á ṣí díẹ̀díẹ̀, pupa ìsàlẹ̀ á yọjú.

Dógùn-ún jẹ́ ti irin, ṣíṣá jẹ́ ti àwọ̀. Gbó ló kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń sọ gbogbo ara táǹkì di pupa, bí ẹni pé ó ti wà nínú igbó fún 20 ọdún. Ọ̀pọ̀ Sherman ni kò pé ọdún kan lójú ogun! Eruku ló yẹ kó pọ̀ lára rẹ̀, àti ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ tí ilẹ̀ ti ha títí tó fi ń dán.