JWH-018

JWH-018 jẹ́ kẹ́míkà àtọwọ́dá tó ń ṣe bí igbó nínú ọpọlọ. Yàrá ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n John W. Huffman ní Yunifásítì Clemson, Amẹ́ríkà, ló ti jáde; lẹ́tà orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pè é. Ìwádìí ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, kì í ṣe fífà símú. Àwọn oníṣòwò ló ń fín in sára ewé gbígbẹ, tí wọ́n ń dì í sínú ọ̀rá aláràbarà bíi tùràrí, tí wọ́n pè ní Spice. Oṣù Kejìlá 2008 ni àṣírí pé kẹ́míkà yìí wà nínú Spice tú ní Jámánì.

Ìwọ̀nba ni THC, èròjà tó ń pani nínú igbó, ń ru CB1, ojúkò tó ń gbà á nínú ọpọlọ, sókè. JWH-018 ń ru ú sókè pátápátá. Fífín náà kì í sì í kárí: ewé òkè ọ̀rá lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní nǹkan kan, kí ti ìsàlẹ̀ pọ̀ lápọ̀jù. Ẹni tó fà á lè máa bì, kí ọkàn rẹ̀ máa sáré, kí ìpayà mú un, kí ó máa rí ohun tí kò sí, tàbí kí gìrì gbé e. Irú kẹ́míkà yìí ti pa ènìyàn. Àyẹ̀wò ìtọ̀ fún igbó kì í sábà rí i.

Jámánì àti Bìrìtéènì fòfin dè é ní 2009, Amẹ́ríkà ní 2011. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi í sábẹ́ àkóso ní 2015. Kíá làwọn tó ń ṣe é yí i padà sí òmíràn. Ní Nàìjíríà, Colorado làwọn ọ̀dọ́ ń pe irú ewé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rà á kì í mọ kẹ́míkà tó wà lára rẹ̀.