Ta Ni Ń Tọ́jú Ẹni Tó Ń Tọ́jú Àgbà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Láyé àtijọ́, inú agboolé ni ọmọ náà wà. Lónìí, ọmọ ti fọ́n ká ilé àti òkè òkun, ọwọ́ nọ́ọ̀sì sì ni ọ̀pọ̀ òbí wà. Ohun tí mo fẹ́ fi ìtàn fi hàn ni pé iṣẹ́ tí a ń kọ́ ni títọ́jú àgbà, àti pé bí a kò bá tọ́jú ẹni tó kọ́ ọ, arúgbó ni yóò jìyà rẹ̀.

Ní 1935, dókítà obìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Marjory Warren, gba àbójútó aláìsàn 714 ní ilé ìwòsàn West Middlesex. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ arúgbó tó ti wà lórí ibùsùn fún ọdún púpọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó retí pé wọ́n lè dìde mọ́. Ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì mú kí àwọn òṣìṣẹ́ máa gbé wọn dìde, kí wọ́n máa kọ́ wọn ní ìrìn. Ọ̀pọ̀ padà sílé. Ní 1962, nọ́ọ̀sì Doreen Norton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ìtọ́jú arúgbó. Àṣà ìgbà náà ni kí a máa fi oríṣiríṣi ìpara ra ibi tí egbò ìdùbúlẹ̀ fẹ́ yọ. Wọ́n rí i pé ìpara kọ́ ni àbò, bí kò ṣe kí a máa yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì sí mẹ́ta.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Àwọn ọmọ wa wà nínú wọ́ọ̀dù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Kòfówórọlá Àbẹ̀ní Pratt, ọmọ Èkó, wọ ilé ẹ̀kọ́ Nightingale ní St Thomas' ní 1946. Aláìsàn kan kọ̀ kí aláwọ̀ dúdú tọ́jú òun, síbẹ̀ ó kọ́ṣẹ́ náà yanjú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ lẹ́yìn rẹ̀ kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì, ti State Enrolled Nurse, ni wọ́n darí wọn sí, wọ́n sì kó wọn lọ sí wọ́ọ̀dù arúgbó tí àwọn onílẹ̀ kì í fẹ́ ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n délé, ìwé-ẹ̀rí náà kò tà.

Mo rí àbájáde rẹ̀ nínú fáìlì. Ní ọ́fíìsì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ ìjọba, ìwé ẹ̀bẹ̀ ìyá kan gba iwájú mi kọjá. Ó ti tọ́jú arúgbó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́jọ, ó ń tọrọ ìgbéga. Ìlà kan péré ni wọ́n fi dá a lóhùn: ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe, kò sì sí ètò tí yóò fi kún ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìmọ̀ tí à bá fi tọ́jú àwọn àgbà wa bá a wọ ìfẹ̀yìntì.

Pratt dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1954. Ní 1964 ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mẹ́tírọ̀nù ní UCH, Ìbàdàn. Ní 1965 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ọwọ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti là fún nọ́ọ̀sì láti kàwé síwájú nílé. Ní 2012, UCH ṣí ilé ìtọ́jú tó wà fún arúgbó nìkan.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ka iṣẹ́ alẹ́ kan. Bí arúgbó mẹ́wàá tí kò lè yí ara wọn padà bá wà ní wọ́ọ̀dù, tí a ń yí wọn ní wákàtí méjì méjì fún wákàtí mẹ́wàá, ìgbà 50 ni nọ́ọ̀sì yóò bẹ̀rẹ̀ gbé ènìyàn. Ẹ̀yìn ta ni kò ní dùn ún? Ẹni náà ló tún gbọ́dọ̀ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó sọ ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ dọ̀tun, ọ̀pọ̀ ló sì ń sanwó rẹ̀ lápò ara wọn. Ní 2024, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní kí nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé kí àjọ náà tó jẹ́rìí ìwé rẹ̀ fún òkè òkun. Àwọn nọ́ọ̀sì fẹ̀hónú hàn. Òfin lè dá ẹsẹ̀ dúró, kò lè dá ọkàn dúró.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ wa kò ju mẹ́ta lọ. Ìkíní, kí á máa san owó ẹ̀kọ́ ìtọ́jú àgbà fún nọ́ọ̀sì kan lọ́dọọdún. Ìkejì, kí á bá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀ lórí iye ọwọ́ tó wà ní wọ́ọ̀dù àti ibi tí nọ́ọ̀sì yóò ti sinmi lóru. Ìkẹta, kí àwa mọ̀lẹ́bí kọ́ bí a ṣe ń yí arúgbó padà, kí á bá wọn gbé e.

Bí a kò bá kú ní kékeré, ọjọ́ ogbó ń bọ̀ wá bá wa. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí á bá ọwọ́ tó mọ iṣẹ́, tí kò sì tíì rẹ̀, níbẹ̀. Àmín.