Bí Nọ́ńbà Ìmọ́lẹ̀ àti Ìṣètò Àwọ̀ Ṣe Dé Inú Kámẹ́rà

Kí kámẹ́rà dígítà tó dé, láti inú páálí ni fíìmù ti máa ń gbé agbára tí ó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ wá, ẹni tó bá sì ti kì í bọ kámẹ́rà kò ní òmíràn lò títí àwòrán 36 orí rẹ̀ yóò fi tán. Ferdinand Hurter, onímọ̀ kẹ́míkà, àti Vero Charles Driffield, ẹnjiníà, ní Widnes, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n gbé wíwọn agbára yìí karí ìṣirò sáyẹ́ǹsì nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1890, nítorí ìméfò ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán fi ń pinnu bí ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó lára àwo gíláàsì wọn. Ní 1934, Jámánì fi òṣùwọ̀n DIN lélẹ̀, nínú èyí tí fífi 3 kún nọ́ńbà túmọ̀ sí pé agbára náà di ìlọ́po méjì; ti Amẹ́ríkà, ASA, jáde ní 1943, níbi tí 200 ti jẹ́ ìlọ́po méjì 100 gan-an. ISO, àjọ àgbáyé tó ń ṣètò òṣùwọ̀n, so méjèèjì pọ̀ ní 1974, ó di 100/21°, ṣùgbọ́n apá ti Amẹ́ríkà ni ẹnu àwọn oníṣẹ́ gbà, kò sì yani lẹ́nu, nítorí ìṣirò rẹ̀ rọrùn bí ti ọjà.

Ní 1975, Steven Sasson, ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ Kodak ní Rochester, Amẹ́ríkà, to kámẹ́rà kan tí kò lo fíìmù, tó ń fi ìṣẹ́jú-àáyá 23 kọ àwòrán dúdú-àti-funfun kan ṣoṣo sórí kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ di ọjà, nọ́ńbà fíìmù bá a wọlé, ìtumọ̀ rẹ̀ ló yí padà. Sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú tí kámẹ́rà dígítà fi ń gba ìmọ́lẹ̀, kì í yí agbára tirẹ̀ padà. Bí afọtò bá gbé nọ́ńbà láti 100 lọ sí 1600, ńṣe ni ẹ̀rọ ń gbé ìwọ̀nba ohun tí sẹ́ńsọ̀ rí gbà sókè, bí ìgbà tí ènìyàn bá yí rédíò tí kò gbé dáadáa sókè, tí ohùn ń ròkè, tí ariwo ṣìì náà sì ń bá a ròkè. Ariwo yẹn ló ń di eérún wínníwínní níbi tí àwòrán bá ti ṣókùnkùn.

Ti àwọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣùwọ̀n Kelvin ni wọ́n fi ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ́n tàbí ṣe fà sí búlúù tó, fíìmù ọ̀sán sì wà fún nǹkan bí 5500, nígbà tí iná gílóòbù sítúdíò jẹ́ 3200. Agbádá funfun tí wọ́n bá fi fíìmù ọ̀sán yà lábẹ́ gílóòbù yóò pọ́n bí ọsàn, àfi tí ayàwòrán bá de gíláàsì búlúù mọ́ ẹnu lẹ́ńsì. Kámẹ́rà dígítà sọ gíláàsì náà di ìṣirò: ó ń wá ohun tó yẹ kó funfun, ó sì ń tún àwọ̀ yòókù ṣe láti ibẹ̀. Àmọ́ nínú yàrá tí ògiri, kọ́tíìnì àti àga rẹ̀ pupa látòkèdélẹ̀, ẹ̀rọ náà lè ṣìnà pátápátá, èyí ló sì fà á tí àwọn afọtò mìíràn ṣì fi ń kọ́kọ́ na pépà funfun síwájú lẹ́ńsì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.