Ìtànná

Ọmọ tó bá ń ka ìwé òyìnbó á rò pé ìgbà tí yìnyín bá yọ́ ni igi ń yọ òdòdó. Ní Ìkẹjà níbí, inú ọyẹ́, nígbà tí eruku bo òrùlé ilé iṣẹ́ láti Ọ̀rẹ̀gún dé Àgídíngbí, ni máńgòrò ń tanná. Tí òjò àkọ́kọ́ bá dé, pánṣẹ́kẹ́ á gbà á, á pọ́n fòò.

Olùkọ́ a máa fi "òdòdó" rọ́pò "ìtànná", ṣùgbọ́n òdòdó ń sọ ti àwọ̀: aṣọ pupa ni àwọn àgbà ń pè ní aṣọ òdòdó. Ìtànná ń sọ ohun tí igi ṣe. Ó tan iná.

Àgbẹ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí. Nígbà tí J. K. Coker àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Agege Planters' Union sílẹ̀ ní 1907, kòkó àti obì ni wọ́n ń gbìn ní Agége àti Ifakọ̀. Ara ìtì kòkó gan-an ni òdòdó rẹ̀ ti ń yọ, ó kéré bí èékánná. Ẹni tó bá ní "kòkó ti tanná", ìkórè ló ń ṣírò.

Tannápoṣó ni èmi ìbá fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìtànná pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, ó sì ń hù nínú garawa ọ̀dà lásán. Láàárọ̀ ó ti pa dé. Tó bá di nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, á ṣí, á máa ta sánsán. Ta ló ń pè? Àfòpiná ni, kòkòrò tó máa ń yí àtùpà ká lóru, tí orúkọ rẹ̀ ní ó ń fò wá pa iná. Á na ẹnu gígùn sínú òdòdó, á mu oje dídùn, á sì ru ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ sí òmíràn kí ó lè so. Yorùbá so òdòdó mọ́ iná, wọ́n so kòkòrò mọ́ iná. Ọmọ tó bá gbọ́ orúkọ méjèèjì ti gbọ́ ìdí tí igi fi ń tanná: kì í ṣe torí tiwa rárá.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já tannápoṣó wá sí kíláàsì. Iléèwé á ti jáde kó tó ṣí, nítorí náà ẹ fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá: kí ọmọ kọ aago tó ṣí, kí ó kọ ẹni tó bẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì mú hóró dúdú rẹ̀ wá fún ẹni tí kò ní.