Ọrẹ Dókítà kan ní Larissa: «Dimotiki» àti Ìtàn Ilé Àwòrán Ìlú

Ní ọdún 1981, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Georgios Katsigras, fi iṣẹ́ ọnà 781 ta ìlú Larissa lọ́rẹ. Larissa wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Thessaly, ní ilẹ̀ Gíríìsì. Ọdún 1881 ni Thessaly bọ́ lọ́wọ́ ìjọba Ottoman, nítorí náà ọgọ́rùn-ún ọdún gééré ni ọrẹ náà bọ́ sí. N kò sọ pé ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ní 1983 ni a dá ilé àwòrán ìlú sílẹ̀. Orúkọ ilé náà ni ó mú mi kọ nípa rẹ̀: Dimotiki Pinakothiki Larissas – Mouseio G. I. Katsigra.

Pinakothiki kò le: pinakas ni pákó tí a ya nǹkan sí, thiki ni ibi tí a ń kó nǹkan pamọ́ sí. Dimotiki ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Ara dimos, àwọn ará ìlú, ni ó ti wá, «ti ìlú» sì ni ìtumọ̀ rẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n òun náà ni orúkọ èdè tí mùtúmùwà ń sọ lẹ́nu, èyí tí ó bá katharevousa, èdè ìwé ìjọba, du ipò títí òfin ọdún 1976 fi sọ ọ́ di èdè ilé-ẹ̀kọ́. Ní 1982 wọ́n dín àmì orí fáwẹ̀lì kù sí ẹyọ kan. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí lòdì sí àmì ohùn wa o: èdè Gíríìkì ti pàdánù ohùn rẹ̀ tipẹ́ kí wọ́n tó pa àmì rẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, àmì ni ó ya ọrẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rẹ́.

Àwọn Gíríìkì pẹ̀lú ya dorea, ọrẹ, sọ́tọ̀ kúrò lára klirodotima, ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún. Klirodotima ni ti amòfin Alexandros Soutzos, ẹni tí ó fi àwòrán àti dúkìá rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba ní 1896. Ilé àwòrán orílẹ̀-èdè ní Athens ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Katsigras ní tirẹ̀ wà láàyè títí di 1998.

Ilé kan, orúkọ méjì, ìlà kékeré láàárín wọn. Lójú tèmi, ìlà yẹn ni ìtàn náà. Bí a bá pàtẹ irú àkójọ bẹ́ẹ̀ tí a pè é ní ọnà Gíríìsì òde òní, àlejò á rò pé ìtàn ọnà orílẹ̀-èdè ni òun ń wò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojú ẹnì kan ni ó yàn wọ́n. Kì í ṣe ẹ̀sùn. Láìsí irú ẹni bẹ́ẹ̀, bóyá ògiri òfìfo ni ìlú ìbá ní. Síbẹ̀, ohun tí ẹnì kan lè rà, tí ó sì lè gbé, nìkan ni ó lè fi tọrẹ. Àwòrán Gyzis tàbí ti Volanakis, àwọn tí wọ́n kọ́ṣẹ́ ní Munich, ṣeé rà, ó ṣeé gbé kọ́. Ògiri ilé Kontos ní Anakasia, lẹ́bàá Volos ní Thessaly kan náà, tí Theofilos kùn ní 1912, kò ṣeé gbé lọ sí Larissa. Theofilos yìí ni ó sì máa ń kọ àlàyé sára àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú àkọtọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ kankan kò fọwọ́ sí: dimotiki ní ìtumọ̀ kejì.