Apátí, Ẹ̀tù àti Iná: Ohun Tó Ń Mú Kí Ìbọn Kọ̀

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, "Ìbọn lápátí, kò lápátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun?" Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń pa òwe náà láìmọ iṣẹ́ tí apátí ń ṣe. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà Ogun Òwu, ní nǹkan bí ọdún 1821, tí àwọn jagunjagun Ìjẹ̀bú ti gbé ìbọn wá sójú ìjà, ọ̀rọ̀ iná inú ìbọn ti di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè nílẹ̀ Yorùbá.

Ní ti ìbọn ṣakabùlà, apátí ni ó ń gbé òkúta lu irin. Ẹ̀ta iná yóò bọ́ sínú ẹ̀tù díẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ìbọn, iná yóò sì gba ihò tóóró wọlé. Bí ọ̀rinrin bá mú ẹ̀tù, ìbọn kọ̀. Bí èérí ẹ̀tù àná bá dí ihò, ìbọn kọ̀. Bí òkúta bá kú, ìbọn kọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí apá kò ká nínú wọn: bí ẹ bá bi ọdẹ tó ń ná Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ léèrè, yóò sọ fún yín pé àdó gbígbẹ, abẹ́rẹ́ àti alágbẹ̀dẹ ti tó.

Ní 1807, Alexander Forsyth, àlùfáà ará Scotland, gba ìwé àṣẹ lórí iná tí kò nílò òkúta: èròjà tó ń gbiná bí a bá ti lù ú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi irú èròjà bẹ́ẹ̀ sínú fìlà bàbà kékeré, tí wọ́n wá fi fìlà náà sí ìdí ọta onílé idẹ. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni Snider tí Gẹ̀ẹ́sì gbà ní 1866, àti Martini-Henry ti 1871.

Nígbà Ogun Kírìjì (1877 sí 1893), àwọn ọmọ Èkìtì Parapọ̀ tó wà ní Èkó fi irú ìbọn ìgbàlódé yìí ránṣẹ́ sí àwọn ará wọn lábẹ́ Ògèdèǹgbé. Ṣakabùlà ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Látòósà, Ààrẹ Ìbàdàn, ìyà sì jẹ wọ́n. Aláàfin Adéyẹmí Kìíní rán Samuel Johnson ní 1881 láti wá àlàáfíà. 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn.

Agbára tuntun náà ní àléébù tirẹ̀. Alágbẹ̀dẹ lè rọ apátí, kò lè rọ fìlà bàbà. Bí ọ̀nà Èkó bá dí, igi lásán ni ìbọn. Bí fìlà náà kò bá sì jókòó dé ìdí, ìlù àkọ́kọ́ yóò kàn tì í wọlé ni, ìkejì ni yóò tó gbiná. Bí ojú ìlù kò bá jìn, irin tí ń ta apátí ti rọ̀, tàbí kí èérí ti há ṣóńṣó irin tó ń gún fìlà. Bí ó bá jìn tí kò gbiná, ọ̀rinrin tàbí òróró ti wọ inú fìlà.

Iná mìíràn sì wà tí kì í kọ̀, pípẹ́ ni ó ń pẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ìbọn rẹ̀ bá kọ̀ kò gbọdọ̀ ṣí ìdí rẹ̀ kíákíá; kí ó kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí ènìyàn kò sí, kí ó sì dúró fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Òwe àwọn àgbà kì í ṣe àwàdà: ìbọn tó kọ̀ kì í ṣe ìbọn tó kú.