Ta Ló Ń Tọ́jú Sinimá Tí Òkè-Ògùn Wò?

Nígbà tí fíìmù Aníkúlápó jáde lórí Netflix ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, àti ará Lọ́ńdọ̀nù àti ará Atlanta ló rí ilẹ̀ Òkè-Ògùn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nínú rẹ̀. Ìgbójàyè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, ni Kúnlé Afọláyan ti ya eré náà, ibẹ̀ náà ló sì wá sọ di abúlé sinimá tí wọ́n ń pè ní KAP. Ọmọ Adéyẹmí Afọláyan ni, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love. Bàbá yìí ló gbé Ìjà Òmìnira jáde ní 1979 pẹ̀lú Ọlá Balógun tó darí rẹ̀, ó ṣe Kádàrá ní 1980, Ìjà Orogún àti Taxi Driver sì tẹ̀ lé e. Ọmọ Ògbóòrò, ìlú mìíràn ní Òkè-Ògùn, tó ní fóònù àti dátà lè wo iṣẹ́ ọmọ lálẹ́ òní. Ṣùgbọ́n kó tó lè rí iṣẹ́ bàbá wò bó ṣe rí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jáde, yóò wá a títí. Ogójì ọdún ó lé díẹ̀ péré ló sì wà láàárín iṣẹ́ méjèèjì.

Ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ṣakí ni Ògbóòrò wà, Àgó-Àmọ̀dù sì ni olú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Irú ìlú báyìí ló sọ sinimá Yorùbá di ohun tó dà, àmọ́ a kì í bá orúkọ wọn pàdé nínú ìwé ìtàn sinimá. Orúkọ ẹni tó ṣe fíìmù là ń kọ. Ẹni tó san owó ìwọlé, tó jókòó sórí bẹ́ńṣì títí eré fi parí, tó sì sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ lọ́jọ́ kejì, ìyẹn ò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan. Mo gbà pé láti ọ̀dọ̀ òǹwòran wọ̀nyí ló yẹ kí iṣẹ́ ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀, torí bí sinimá ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn ló fà á tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ fi sọnù.

Gbọ̀ngàn Glover l'Ékòó ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han ará ìlú ní Nàìjíríà, ní oṣù kẹjọ ọdún 1903. Ó pẹ́ kó tó dé ìgbèríko, ọwọ́ ìjọba amúnisìn ló sì ti dé ibẹ̀. William Sellers, òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba, ti ń fi àwòrán kọ́ àwọn ènìyàn nípa àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri láti ìparí àwọn ọdún 1920. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Colonial Film Unit sílẹ̀ ní 1939, òun ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. Ọkọ̀ ni wọ́n fi ń gbé sinimá náà kiri: ẹ̀rọ amúnáwá, ẹ̀rọ tó ń ta àwòrán sára aṣọ funfun, gbohùngbohùn, àti ògbufọ̀ tó ń sọ ọ̀rọ̀ náà ní èdè àwọn ará ibẹ̀. Ilẹ̀ á ṣú, wọn á ta aṣọ sí gbàgede, tọmọdé tàgbà á tú jáde. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n gbé wá, ẹ̀kọ́ nípa ìmọ́tótó, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ogun tí Gẹ̀ẹ́sì ń jà, ojú òyìnbó ni wọ́n sì fi ya èèyàn dúdú inú rẹ̀. Púpọ̀ nínú fíìmù wọ̀nyẹn ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní British Film Institute àti Imperial War Museum, ẹni tó bá sì ní íntánẹ́ẹ̀tì lè wo lára wọn. Èyí tí àlejò ya nípa wa ti rí yàrá tútù gbé. Èyí tí a fi owó wa àti ẹnu wa ṣe ni kò rí ibi sùn.

Tiwa gan-an ti ara ẹgbẹ́ eléré ìtàgé jáde. Hubert Ògúndé bẹ̀rẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1940. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀, Oyin Adéjọbí àti Moses Ọláìyá tí í ṣe Bàbá Sàlá tọ ọ̀nà náà lẹ́yìn rẹ̀. Gbọ̀ngàn ìlú, ilé ìwé àti hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ṣe ilé eré. Ọkọ̀ ẹgbẹ́ á ti wọ̀lú lọ́sàn-án, wọn á máa fi gbohùngbohùn polongo láti àdúgbò dé àdúgbò, wọn á sì lẹ ìwé àwòrán mọ́ ara ògiri. Ní 1967 ni ìwé ìròyìn Atọ́ka bẹ̀rẹ̀ sí í ya eré wọn ní fọ́tò, tó ń to fọ́tò náà tẹ̀ lé ara wọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí Atọ́ka àtijọ́ bá wà nínú àpótí rẹ̀, kó má fi di ẹ̀kọ. Àwọn eré kan wà tó jẹ́ pé ojú ìwé yẹn nìkan la ti lè rí aṣọ tí wọ́n wọ̀ àti bí wọ́n ṣe dúró.

Nígbà tí fíìmù wá dé, ẹgbẹ́ wọ̀nyí náà ló gbà á mọ́ra. Àwọn mìíràn ti ya Kongi's Harvest ní 1970, àmọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọlá Balógun darí Àjàní Ògún, tó jáde ní 1976 ní èdè Yorùbá, àwọn ènìyàn sì rọ́ lọ wò ó. Ògúndé ṣe Ayé ní 1979, Jáiyésinmi ní 1980, Àròpin N'Tènìyàn ní 1982, ó sì fi Àyànmọ́ kádìí rẹ̀ ní 1988. Bàbá Sàlá ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982. Owó ńlá ló ń bá a lọ. Fíìmù oníwákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú, bó bá jẹ́ ti 35mm, gùn tó nǹkan bí 2,700 mítà, àwòrán 24 ló sì ń kọjá níwájú iná ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òkè òkun, pàápàá Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ń kó o lọ fọ̀. Nítorí náà, ẹ̀dà tí wọ́n ń kó bọ̀ wálé kì í pọ̀. Olówó fíìmù fúnra rẹ̀ ló ń gbé ẹ̀dà náà kiri bó ṣe ń gbé eré ìtàgé kiri tẹ́lẹ̀: ìlú kan lónìí, òmíràn lọ́la, òun àti ẹ̀rọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀nà yìí ló mú kí sinimá Yorùbá dé ibi tí kò sí ilé sinimá. Òun náà ló sì pa á. Gbogbo ìgbà tí fíìmù bá gba inú ẹ̀rọ kọjá ló ń ha. Bó bá já, wọn á gé ibi tó bàjẹ́ dànù, wọn á lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti lọ nìyẹn. Eruku ọ̀nà ń wọ inú agolo rẹ̀. Ojúlówó tó ti inú kámẹ́rà jáde sì wà lọ́nà jíjìn, lọ́wọ́ ilé ìfọ̀ tó lè kógbá sílé nígbàkígbà. Bí olówó rẹ̀ bá kú, àwọn ọmọ lè má mọ ibi tó wà rárá.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sórí Ọ̀run Móoru, torí ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ kò tíì tán. Àwọn kan jí fíìmù náà dà sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń tà á káàkiri nígbà tí Bàbá Sàlá ṣì ń gbìyànjú láti rí owó tó yá dá padà. Ó jẹ gbèsè tó mì í dé ìpìlẹ̀. Àwọn tó kù rí i, wọ́n sì fi ẹ̀dà tiwọn pamọ́. Ògúndé kò jẹ́ kí wọ́n ta tirẹ̀ ní kásẹ́ẹ̀tì. Gbọ̀ngàn ni ẹni tó bá fẹ́ wo Ayé gbọ́dọ̀ lọ. Nígbà tó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹrin ọdún 1990, ìran tó ń dàgbà bọ̀ kò ní ọ̀nà tí wọ́n lè gbà mọ iṣẹ́ náà bí kò ṣe ohun tí àwọn òbí sọ fún wọn. Mi ò dá a lẹ́bi. Ẹni tí olè ti fọ́ ilé ẹnìkejì rẹ̀ yóò ti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Àmọ́ ó yẹ ká rí i pé olè ló kọ́kọ́ fipá mú àwọn òṣèré láti fi iṣẹ́ wọn pamọ́ fún ìlú tó fẹ́ràn rẹ̀, àti pé ọwọ́ ẹbí wọn ni kọ́kọ́rọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ wà títí dòní.

Lẹ́yìn tí ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP bẹ̀rẹ̀ ní 1986, náírà já wálẹ̀, agbára kò ká fíìmù fífọ̀ lókè òkun mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì gba ipò rẹ̀. Túndé Kèlání àti ilé iṣẹ́ rẹ̀, Mainframe, gbé Tí Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde ní 1993, Saworoidẹ ní 1999, sinimá sì kúrò ní gbọ̀ngàn, ó wọ pálọ̀. Nínú ilé kan tó ní tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ fídíò àti jẹnẹrétọ̀, ogún èèyàn lè wò ó lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ọmọdé nílẹ̀, àwọn yòókù lójú wíńdò.

Ìgbà kásẹ́ẹ̀tì yìí ni ogún sinimá Ògbóòrò fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé kò sẹ́ni tó kà á sí ogún. Kì í ṣe eré tí a rà lọ́jà nìkan. Ìsìnkú àgbà, ìwúyè, ìgbéyàwó, ọdún ìbílẹ̀, ìkójọpọ̀ àwọn ọmọ ìlú tó ti Èkó àti Ìbàdàn dé: oníkámẹ́rà àdúgbò ló ya gbogbo rẹ̀. Wo irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ ìsìnkú ni, ṣùgbọ́n ilé amọ̀ tí wọ́n ti wó wà lẹ́yìn àwọn tó ń jó. Onílù tó ti kú ń lùlù níbẹ̀, èèyàn sì ń gbọ́ oríkì ìdílé lẹ́nu ìyá àgbà tí ẹnikẹ́ni kò rántí kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Fíìmù ńlá kankan kò ní èyí.

Kásẹ́ẹ̀tì náà sì ń kú. Ìpara tó gbé àwòrán sórí tẹ́ẹ̀pù ń ṣí kúrò. Bí òjò bá wọ inú páálí, tẹ́ẹ̀pù á bu, ìlà funfun á hàn ní etí rẹ̀ béèyàn bá wò ó láti ojú ike tó mọ́ gaara lára kásẹ́ẹ̀tì náà. Ẹni tó bá sì ti irú rẹ̀ bọ inú ẹ̀rọ ti ba tẹ́ẹ̀pù àti ẹ̀rọ jẹ́ pọ̀. Wọn kò ṣe ẹ̀rọ tó ń lò ó gan-an mọ́: oṣù keje ọdún 2016 ni Funai ti Japan, tó kẹ́yìn nínú àwọn tó ń ṣe é, dáwọ́ dúró. Ti fíìmù yàtọ̀ díẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń jẹ ike ara rẹ̀, ó sì ń tú òórùn kíkan bíi ti ọtí kíkan. Bí agolo kan bá ti ń rùn bẹ́ẹ̀, èyí tó wà nítòsí rẹ̀ ń lọ sọ́nà kan náà, fíìmù á súnkì, á sì wọ́.

Ìjọba kò ṣàì gbìyànjú. Òfin ọdún 1979 ló dá Nigerian Film Corporation sílẹ̀, Jos ni wọ́n sì kọ́ ilé àkójọ fíìmù orílẹ̀-èdè sí, ibi tí òkè àti afẹ́fẹ́ tútù wà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí Shaihu Umar ní 2016, fíìmù Hausa tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, tí àwọn ènìyàn ti rò pé ó sọnù. Wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú ìrànwọ́ ilé iṣẹ́ Arsenal ní Berlin, wọ́n sì fi hàn níbi àjọ̀dún sinimá ìlú náà ní 2018. Ní 2019 ni Yunifásítì Jos bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ ìtọ́jú fíìmù, pẹ̀lú Yunifásítì Goethe ti Frankfurt. Bó bá ṣeé ṣe fún Shaihu Umar, ó ṣeé ṣe fún Kádàrá.

Ṣùgbọ́n Jos jìnnà sí Ògbóòrò, fíìmù tó bá sì wà ní yàrá tútù tí ará ìlú kò rí i kò tíì padà sílé. Kèlání ti tọ́ka ọ̀nà kan: ó gbé sinimá sínú ọkọ̀, ó sì fi han àwọn ará ìpínlẹ̀ Èkó ní gbangba, bíi ti àtijọ́. Irú rẹ̀ kò le ní Òkè-Ògùn. Pápá ilé ìwé wà, aṣọ funfun wà, ẹ̀rọ tó ń ta àwòrán láti ara kọ̀ǹpútà kò sì wúwo mọ́. Kí wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ ṣáájú, torí òfin dáàbò bo fíìmù fún 50 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kọ́kọ́ jáde, a kò sì gbọ́dọ̀ ṣe sí ọmọ Ògúndé ohun tí wọ́n ṣe sí Bàbá Sàlá. Lálẹ́ yẹn kan náà, kí ẹnì kan jókòó ti àwọn àgbà pẹ̀lú fóònù, kó béèrè ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wo sinimá, ta ló gbé e wá, èló ni wọ́n san, kí ni wọ́n ṣì rántí. Ìdáhùn wọn ni ìtàn tí kò sí ní Jos tàbí Lọ́ńdọ̀nù.

Ti kásẹ́ẹ̀tì ìdílé kò tilẹ̀ nílò àyè ìjọba. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lè ra ẹ̀rọ fídíò kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n gba kásẹ́ẹ̀tì láti ilé dé ilé, kí wọ́n dà á sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n dá kásẹ́ẹ̀tì padà fún olóhun. Kí wọ́n tó dà á rárá, kí wọ́n kọ orúkọ ìdílé, ayẹyẹ àti ọdún sára rẹ̀ nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ìdílé, òmíràn ní Ògbóòrò, ẹ̀kẹta ní ilé ìkàwé The Oke-Ogun Polytechnic ní Ṣakí, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè béèrè fún un.